Associate degree ẹnjiníárìn ní Texas: AS ni kó mú ni, àbí AAS?

Ìyá_Bọ̀lá_Katy

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin wa ń parí high school lọ́dún yìí, ẹnjiníà iná mànàmáná ló lóun fẹ́ dà. Owó yunifásítì ọdún mẹ́rin kò sí nílẹ̀, a sì fẹ́ kó ka ọdún méjì àkọ́kọ́ ní community college ní Houston níbí, kó gba associate degree (oyè ọdún méjì) kó tó kọjá sí yunifásítì. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní oríṣi méjì nínú: Associate of Science (AS) in Engineering, àti Associate of Applied Science (AAS) in Electronics Engineering Technology. Kirẹ́díìtì 60 ni méjèèjì, owó kan náà. Èwo ni kó mú? Algebra II ni ìṣirò tó ṣe kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kejì: àbúrò ọkọ mi ní ND Electrical láti Nàìjíríà, ó fẹ́ wá fi físà F-1 (ti akẹ́kọ̀ọ́) ka irú ẹ̀ náà. Ṣé ND yẹn á dín nǹkan kù fún un? Ẹ ṣeun o.

Wáyà_Mẹ́rin

Mà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Bó bá jẹ́ ẹnjiníà ló fẹ́ dà, AS ni kó mú. AAS kì í ṣe àbùjá sí ibẹ̀, ibòmíràn ló ń lọ. Ẹni tó gba AAS ti ṣe tán láti wọ iṣẹ́ tẹkiníṣíànì. Ẹni tó gba AS ti ka ìdajì ìwé yunifásítì, àmọ́ kò tíì ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí iléeṣẹ́ lè torí ẹ̀ gbà á. Ìdí nìyẹn tí AS fi máa ń já àwọn tó bá dúró síbẹ̀ kulẹ̀.

Ẹ má wo orúkọ oyè, nọ́ńbà kọ́ọ̀sì ni kí ẹ wò. Nọ́ńbà kan náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Texas ń lò fún kọ́ọ̀sì kan náà, nítorí náà ẹ lè dá a mọ̀ fúnra yín. Bí ẹ bá rí CETT 1403, DC Circuits ti AAS nìyẹn: Ohm's law, Kirchhoff, bí wọ́n ṣe ń fi mítà wọn iná, algebra lásán sì ni ìṣirò inú ẹ̀. ENGR 2305, Electrical Circuits I, ni ti AS. Kirchhoff wà níbẹ̀ náà, àmọ́ bí wọ́n bá ti dé orí capacitor àti inductor, differential equation ló kù. Ẹ̀ka ẹnjiníárìn ní yunifásítì kò ní fi CETT dípò ENGR, kódà kí ọmọ gba A nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni físíìsì: PHYS 1401 kò bá yín lọ síbì kankan, PHYS 2425 àti 2426 tó dá lórí calculus ni wọ́n ń béèrè. Tí advisor bá ní kó "fi 1401 gbára dì ná", kó dá a lóhùn pé rárá o. Kirẹ́díìtì mẹ́rin tí kò ní wúlò ni.

Ìṣirò ló ń pinnu ọdún tó máa lò níbẹ̀, nítorí pé òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ìyókù. PHYS 2425 ń dúró de Calculus I, ìyẹn MATH 2413. PHYS 2426 máa ń dúró de Calculus II, MATH 2414. Statics, ENGR 2301, ń dúró de PHYS 2425. Dynamics, ENGR 2302, ń dúró de Statics. Circuits máa ń bá PHYS 2426 àti differential equations, MATH 2320, rìn. Bí ìṣirò bá fi sáà kan pẹ́, gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí ló pẹ́.

Algebra II nìkan kò lè gbé e wọ Calculus. Ó máa jókòó ṣe TSIA2, ìdánwò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Texas fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti ṣe tán fún kọ́ọ̀sì wọn. 950 ni wọ́n ń fẹ́ ní ìṣirò. Ẹ má jẹ́ kí àmì yẹn tàn yín jẹ, ẹnu ọ̀nà College Algebra ló ń ṣí, kì í ṣe ti Calculus. Nítorí náà ohun tó wà níwájú ẹ̀ ni MATH 1314 (College Algebra yẹn), lẹ́yìn náà Precalculus 2412, kó tó kan 2413, 2414, 2415 (Calculus III) àti 2320. Mẹ́fà! Sáà ńlá mẹ́rin ló wà nínú ọdún méjì. Ohun tí mo máa ṣe ni pé kó ka 1314 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí gan-an, kí sáà kìíní tó bẹ̀rẹ̀. 2412 ní fall, 2413 ní spring, 2414 ní fall kejì pẹ̀lú PHYS 2425, kí 2415 àti 2320 jọ wá ní spring kejì pẹ̀lú PHYS 2426 àti Statics. Ìyẹn wúwo gan-an. Bó bá rí i pé kò ṣeé gbé, kó ti Statics sí ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì lo ọdún méjì àbọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í.

Calculus II ní ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Integration techniques àti series kò ṣeé gbé mì lọ́sẹ̀ márùn-ún. Bó bá di dandan, kí ó wá ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Nǹkan kan tó kù: ENGL, HIST àti GOVT (Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ètò ìjọba), àwọn kọ́ọ̀sì core wọ̀nyẹn tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fẹ́ kó kà wọ́n tán ní ọdún kìíní torí pé wọ́n rọrùn. Kó má gbà. Kirẹ́díìtì 12 ni wọ́n ń pè ní full-time. Tó bá ti jẹ àwọn fúfúyẹ́ tán, kìkì Calculus III, físíìsì àti Statics ló máa fi di 12 ní ọdún kejì. Kọ́ọ̀sì fúyẹ́ kan tàbí méjì pẹ̀lú líle méjì ní sáà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó tò ó.

Ẹ̀rọ_Kìí_Sùn

Gbogbo ohun tí Wáyà sọ ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ AAS bí ẹni pé oyè àwọn tí kò mọ̀wé ni. Ẹ wo etí Houston Ship Channel láti Pasadena dé Baytown: iléeṣẹ́ ìfọpo àti kẹ́míkà ni. Àwọn tó ń gba ọmọ AAS síṣẹ́ ló wà níbẹ̀, pàápàá instrumentation (ìtọ́jú ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan) àti process technology (dídarí ẹ̀rọ iléeṣẹ́), tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi San Jacinto ń kọ́ni.

Iṣẹ́ instrumentation kì í ṣe ti aláìnírònú. Transmitter kan ń wọn pressure láti 0 dé 100 psi, ó sì ń fi 4 dé 20 milliamp ránṣẹ́ sí control room. 4 dúró fún òdo, 20 dúró fún 100, nítorí náà tí mítà rẹ bá ka 12, 50 psi ló yẹ kó wà lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá ka òdo pátápátá, kì í ṣe pé pressure ti tán. Ó ṣeé ṣe kí wáyà ti já tàbí kí fiúsì ti lọ. Ìdí tí wọn kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo nìyẹn. Bó bá ka 12, tí ojú kọ̀ǹpútà sì ń sọ 60, wo range tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí o tó tú transmitter. Ọmọ AAS tó mọ èyí ní àmọ̀dunjú máa ríṣẹ́ ṣáájú ọmọ AS tó mọ ìṣirò Laplace.

Àwọn ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í tètè sọ: ṣíìfù wákàtí 12 ni iṣẹ́ process operator, lọ́sàn-án àti lóru, pẹ̀lú ọjọ́ ọdún. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ etí omi yẹn ń béèrè káàdì TWIC (ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ láti wọ agbègbè èbúté), èyí tí ẹni tó ní físà ọmọ ilé-ìwé lásán kò ní rí gbà. Ìdánwò oògùn olóró náà wà níbẹ̀.

Tí ọmọ AAS bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ńkọ́? Ọ̀nà wà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà kan náà. Bachelor ní engineering technology ló máa ń gba ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ẹ̀. University of Houston ní irú ẹ̀. Kí ẹ mọ ìyàtọ̀ kan: ABET, àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ ẹnjiníárìn, ní ìgbìmọ̀ EAC fún engineering àti ETAC fún engineering technology. Ní Texas, ẹni tó ní bachelor EAC nílò ọdún mẹ́rin ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ kó tó lè gba láísẹ́ǹsì PE (Professional Engineer). Ẹni tó ní engineering technology nílò mẹ́jọ. Láísẹ́ǹsì ṣeé gbà fún àwọn méjèèjì, ọdún mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Bí ọmọ bá sì lọ síṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, òfin ibẹ̀ lè le ju báyìí lọ, nítorí náà kó wò ó kó tó mú.

Ìyá_Bọ̀lá_Katy

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin méjèèjì, ó ti yé mi. AS ni. Àmọ́ ẹ̀rù ìṣirò yìí ń bà mí díẹ̀. Bó bá kùnà Calculus, ṣé Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba tí a kì í dá padà, á dúró? Ṣé kó máa "drop" rẹ̀ kó tó kùnà ni?

Wáyà_Mẹ́rin

Mà, drop kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ fi ọjọ́ kan sọ́kàn: ọjọ́ ẹ̀kọ́ kejìlá ní sáà ńlá, tí wọ́n ń pè ní census day. Tó bá yọ orúkọ ẹ̀ kúrò ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sí àmì kankan lórí transcript (ìwé àmì ẹ̀kọ́ ẹ̀). Lẹ́yìn ẹ̀, W (àmì pé ó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀) ni, òfin Texas kò sì gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè ju mẹ́fà lọ títí á fi gba bachelor, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ti yunifásítì pọ̀. Nítorí náà kó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa fi mọ̀ bóyá olùkọ́ yẹn ṣeé bá lọ, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Bó bá ka kọ́ọ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba máa gba owó tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. C ni ó kéré jù tí ẹ̀ka ẹnjiníárìn ń gbà. D nínú Calculus I dà bí ẹni tí kò kà á.

Pell kì í parí torí F kan ṣoṣo, àmọ́ wọ́n máa ń wo ìlọsíwájú ọmọ: GPA ẹ̀, àti ìdá tó parí nínú gbogbo ohun tó forúkọ sílẹ̀ fún. W ń dín ìdá yẹn kù bíi F. Sáà 12 ni Pell ní fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé ẹ̀, tó bá jẹ́ full-time ló ń kà. Bó bá lo 6 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, 6 ló kù fún yunifásítì. Kọ́ọ̀sì tí kò sí nínú ètò oyè ẹ̀, Pell kò ní san án. Ìdí mìíràn tí PHYS 1401 fi lè di owó àpò yín nìyẹn.

Kó sì mọ yunifásítì tó ń lọ láti sáà kejì. Kò pọn dandan kí yunifásítì ìjọba Texas gba ju kirẹ́díìtì 66 wọlé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí náà àfikún lásán kò ní èrè. GPA kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa fi gba àyè, lẹ́yìn náà yunifásítì á bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti òdo.

Ìwé_àti_Físà

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti àbúrò ọkọ yín, mà.

ND lè dín nǹkan kù, àmọ́ ìwé ló ń dá a lẹ́jọ́. Poly ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe evaluation (wíwé ìwé ẹ̀rí òkèèrè mọ́ ti Amẹ́ríkà), èyí tó wà lábẹ́ NACES, ẹgbẹ́ irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó béèrè fún course-by-course. Èyí tó kàn sọ pé "oyè ẹ̀ bá irú èyí dọ́gba" kò wúlò fún kirẹ́díìtì. Transcript láti poly lè jẹ oṣù púpọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó tó kúrò nílé, nítorí sísáré lé e láti Amẹ́ríkà ṣòro. Kó gba ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, pàápàá ti ìṣirò àti circuits. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló máa fi í wé tiwọn, evaluation nìkan kì í parí ẹjọ́ Calculus. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ìdánwò CLEP Calculus (tí a fi ń gba kirẹ́díìtì láìjókòó sí kíláàsì) wà fún Calculus I. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó ń lọ bóyá ẹ̀ka ẹnjiníárìn ń gbà á.

Àmọ́ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni: kí ló dé tí ẹni tó ti ní ND tún fẹ́ associate? Òṣìṣẹ́ físà (consular) lè béèrè bẹ́ẹ̀ gan-an, "mo kàn fẹ́ lọ kàwé" kò sì ní tó. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wá yunifásítì tó máa gba ND wọ bachelor tààrà, pàápàá engineering technology. Tó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni dandan, kó mọ èyí: F-1 kò ní Pell, owó akẹ́kọ̀ọ́ àtòkèrè ló máa san, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló lè kà mọ́ full-time ẹ̀ ní sáà kan. OPT (àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn oyè) oṣù 12 wà lẹ́yìn associate, òmíràn tún wà lẹ́yìn bachelor. Àfikún oṣù 24 ti STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹnjiníárìn àti ìṣirò) kò sí fún associate, láti bachelor sókè ni. Ẹni tó bá wá torí iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì ti ṣì í kà.

Ẹ̀rọ_Kìí_Sùn

Ìyá Bọ̀lá, kékeré kan tí a gbàgbé: kẹ́mísírì. CHEM 1409 ni fún ọmọ electrical, ẹyọ kan náà ti tó. Chemical engineering ló nílò 1411 àti 1412. Tí ọmọ bá ń ṣiyèméjì láàárín méjèèjì, kó ti kẹ́mísírì sẹ́yìn títí á fi pinnu.

Ẹ má sì ra kalikulétọ̀ olówó ńlá alágbèékà tó ń ya graph àfi bí olùkọ́ bá ní dandan. Inú ìdánwò FE (Fundamentals of Engineering, ìdánwò àkọ́kọ́ lọ́nà PE), tó máa ṣe nígbà tó bá fẹ́ parí bachelor, wọn kì í gbà á wọlé. TI-36X Pro tàbí Casio fx-991 ni kó fi kọ́ ọwọ́ láti Statics lọ.

Ìyá_Bọ̀lá_Katy

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. MATH 1314 ti ẹ̀ẹ̀rùn la máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún lọ́sẹ̀ yìí, bó bá ti ṣe TSIA2 tán. Àbúrò ọkọ mi ti ń lọ sí poly ẹ̀ lọ́la nítorí transcript.