Èjìká mi ń yẹ̀, dókítà ò fẹ́ ṣe é. Ta ni kí n lọ bá?

Adẹ́mu Ìlá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ bá gùn. Ẹmu ni mò ń dá lágbègbè Ìlá Ọ̀ràngún. Bàbá mi dá a, bàbá wọn náà dá a. Láti ọdún tó kọjá ni èjìká ọ̀tún mi ti ń yẹ̀ kúrò lóríkèé. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti tò, wọ́n ní fáìlì mi sọnù, kí n lọ ra káàdì míì. Nọ́ọ̀sì kan tún ní ẹmu ń rùn lára mi. Ẹmu tí mo fi ń san owó ilé ìwé ọmọ!

Nígbà tí mo wá rí dókítà, ìbéèrè ló ń bi mí ṣáá: báwo ni mo ṣe ń sùn, ta ló ń sùn tì mí. Kí ló kàn án? Ó ní òun ò ní í ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí, kí n kọ́kọ́ lọ rí dókítà mìíràn. Ọ̀pẹ mi wà nílẹ̀. Àbúrò mi tó ń bá mi gùn ún, ìdajì ẹmu ló ń gbé délé, mo mọ̀ pé ó ń tà lójú ọ̀nà. Ẹ júwe oníṣẹ́ abẹ èjìká tó mọṣẹ́ fún mi. Ìgbà wo ni èèyàn lè padà sórí ọ̀pẹ lẹ́yìn rẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn ọ́. Òrí ni kó o yọ́, kó o fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Àbúrò ọkọ mi já látorí máńgòrò, àwọn tó ń to egungun ló tò ó. Lónìí ó ń wa táásì.

Bọ̀dá Sheffield:
Ẹ má dá a lóhùn. Ìlú Sheffield ni mo wà, àpáta ni mò ń gùn. Èjìká òsì mi yẹ̀, wọ́n tì í padà, ó tún yẹ̀. Àwòrán CT, èyí tí ẹ̀rọ ń yà láti ìhà gbogbo, ló fi hàn pé etí ihò oríkèé ti jẹ. Latarjet ni wọ́n ṣe fún mi: wọ́n gé egungun kékeré kan lára palaba èjìká, wọ́n fi ìdè irin dè é mọ́ iwájú ihò náà. Mo fi aṣọ gbé apá kọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, physio, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń mú apá lókun padà, tẹ̀ lé e. Ó ju oṣù mẹ́fà lọ kí wọ́n tó ní mo lè gbé ara mi rọ̀ sórí àpáta. Bi dókítà léèrè bóyá èjìká ló sábà máa ń ṣe, tàbí ìbàdí àti orúnkún. Ìyẹn ṣe pàtàkì.

Alàgbà Òkè-Odò:
Àwọn kan ń gun àpáta fún eré, nítorí ebi ò pa wọ́n. Olúmọ pàápàá, ẹ̀rọ agbéniròkè ni mo gbà.

Bọ̀dá Sheffield:
Alàgbà, eré tàbí iṣẹ́, oríkèé kan náà ni. Bó ṣe ń ju igbà sókè, tí apá ṣí síta lókè orí, ibẹ̀ gan-an ni èjìká tó ti ya ti máa ń yọ síwájú.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:
Igbobi, ilé ìwòsàn egungun, wà l'Ékòó, UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì, wà n'Íbàdàn; nínú wọn, OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ifẹ̀, ló sún mọ́ ọ jù. Wo FWACS tàbí FMCS, oyè àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn orúkọ dókítà, kó o rí i pé MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n o ò sọ bó ṣe yẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ṣé o já bọ́ ni?

Adẹ́mu Ìlá:
Mi ò já bọ́ rí, ẹ lọ béèrè mi nílùú. Ìyá Ìbejì, mo ti fi òrí pa á. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí gan-an ló ń dùn mí jù.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:
Fi àbúrò rẹ sílẹ̀ ná. Báwo ló ṣe yẹ̀?

Adẹ́mu Ìlá:
Orí ibùsùn ni. Mo jí, apá ò gbé mọ́. Ìyàwó mi ní mò ń gbọ̀n, mo sì ti gé ahọ́n mi jẹ. Ìgbà kejì náà, ojú oorun ni. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù, ó rẹ̀ mí ni.

Olùgbàdúrà:
Ogun ìdílé! Ẹni tó ń jẹ ìdajì ẹmu yẹn ni kẹ́ ẹ wò.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ilé ọmọ ọlọ́mọ rú. Adẹ́mu, dókítà tó o ń bú yẹn mọṣẹ́. Ó jọ wárápá. Mi ò ní òun ni dandan, dókítà ọpọlọ ni yóò sọ. Tó bá gbéni, iṣan ara ẹni ló ń fa èjìká yọ, ó sì lè yọ sẹ́yìn, x-ray tí wọ́n yà láti iwájú nìkan lè má fi í hàn dáadáa. Tí wọ́n bá tún un ṣe lónìí, tó tún gbé ọ lọ́la, yóò fà á já. Tó bá wá bá ọ lókè ọ̀pẹ ńkọ́?

Adẹ́mu Ìlá:
Ẹ má fi orúkọ yẹn pè mí níwájú èèyàn! Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lábúlé, ta ni yóò mu ẹmu mi?

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:
Kì í ràn. Oògùn ń dá a dúró, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ó lè tó 70 nínú 100 èèyàn tí yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí wọ́n bá tọ́jú wọn dáadáa. Mú ìyàwó rẹ dání, òun ló rí i. Má gun ọ̀pẹ títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Sheffield:
Èmi ò mọ̀ pé oorun ni o. Ohun tí mo sọ nípa oṣù mẹ́fà, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Adẹ́mu Ìlá:
Ifẹ̀ yẹn, ọjọ́ wo ni wọ́n ń rí dókítà ọpọlọ? Ìyàwó mi ní òun ń bá mi lọ. Ṣùgbọ́n èjìká ni mo tìtorí ẹ̀ wá síbí o.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́:
Mú lẹ́tà tí dókítà àkọ́kọ́ kọ lọ sí GOPD, ibi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ rí aláìsàn tó wá láti ilé, wọn yóò sọ ọjọ́ fún ọ.

Ìyá Káfáyà:
Mi ò ka gbogbo ẹ̀ o. Ṣé ó ti gbìyànjú òrí?