Ṣé mo lè dìbò ní Takoma Park láìṣe ọmọ Amẹ́ríkà?

Ẹ̀yin ará wa ní ìpínlẹ̀ Maryland, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Gíríìn káàdì ni mo ní, mi ò tíì búra di ọmọ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1992 ni ìlú Takoma Park tí mò ń gbé ti fàyè gba irú wa láti dìbò yan olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè dìbò fún gómìnà, áńbọ̀sìbọ́sí ààrẹ. Inú ìwé ọ̀tọ̀ ni akọ̀wé ìlú ń kọ orúkọ wa sí, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń pinnu lórí ilé ìkàwé tí àwọn ọmọ mi ń lò, nítorí náà ó wù mí gan-an láti dìbò.

Fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí a fi ń béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń kọ mí lóminú, torí ó ń béèrè bóyá ènìyàn ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí. Ẹ̀yin tí ẹ dìbò níbẹ̀ kí ẹ tó búra, báwo ni ẹ ṣe dáhùn? Ṣé wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìlú nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò? Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ojú yín rí gan-an ni kí ẹ sọ fún mi.