Ṣé ènì ni ojúṣe iléeṣẹ́ sí àwùjọ?

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu dábàá pé kí a máa pe ohun tí àwọn elédè Faransé ń pè ní responsabilité sociétale, ìyẹn bí iléeṣẹ́ ṣe ń dáhùn fún ipa rẹ̀ lórí àwùjọ àti àyíká, ní "ènì àwùjọ", nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí àlàyé wọn, oníṣòwò tó ti jèrè ló ń yọ díẹ̀ fún ìlú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

Ní ọjà Ouando níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìyá onígàrí a kọ́kọ́ wọn gàrí kún abọ́ títí yóò fi ga ṣóńṣó, kó tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni ènì. Bí kò bá fi sí i, a lè sọ pé ó háwọ́, a kò lè pè é lólè. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti lu ìdí abọ́ wọnú kí ìwọ̀n má baà pé, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta tó bù lé e kì í ṣe ènì mọ́. Ohun olóhun ló ń dá padà, kò sì tíì dá a padà tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iléeṣẹ́ tó da omi ẹlẹ́gbin sínú ọ̀sà, tó wá gbẹ́ kànga fún abúlé etí ọ̀sà kan náà. Bí a bá pe kànga yẹn ní ènì, a ti fi èdè wa bá a bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀.

ISO 26000, ìlànà àgbáyé lórí ojúṣe yìí tó jáde ní 2010, sọ pé kí iléeṣẹ́ dáhùn fún ipa tí ìpinnu àti iṣẹ́ rẹ̀ ń ní lórí àwùjọ àti àyíká, èyí tó fi hàn pé ọ̀nà tí èrè gbà wọlé wà lára ohun tí a ń bi iléeṣẹ́ léèrè. Milton Friedman pàápàá, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ ní 1970 pé ojúṣe kan ṣoṣo tí òwò ní ni láti mú èrè pọ̀ sí i, fi kún un pé kò gbọdọ̀ sí ẹ̀tàn tàbí jìbìtì nínú rẹ̀. Bí ẹni tó gbèjà èrè tó báyìí kò bá ka òṣùwọ̀n pípé sí ọrẹ, báwo ni àwa yóò ṣe kà á sí ènì?

"Ojúṣe iléeṣẹ́ sí àwùjọ" ni mo fara mọ́, torí ojúṣe ni ohun tí a lè bi ni léèrè bí a kò bá ṣe é. Kí a fi ènì pamọ́ fún iléeṣẹ́ tó san owó òṣìṣẹ́ pé, tó san owó orí, tí kò ba omi ẹnikẹ́ni jẹ́, tó tún wá kọ́ yàrá ìkàwé. "Ìtọrẹ àánú" tí ẹlòmíràn mú wá ní àléébù kan náà.

"Àwùjọ" gan-an ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ènìyàn nìkan ló ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ odò, igbó àti ẹja náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Bí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ kan tó kó ènìyàn àti ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé pọ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ mú un wá.