Páálí lẹ́tà bàbá mi: ṣé kí n ṣí sítáǹpù kúrò lójú wọn?

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣùgbó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé. Tíṣà ni bàbá mi kí wọ́n tó papòdà, wọ́n sì máa ń bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí rédíò lóru. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn o, èyí tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí tí wọ́n sì ń dá a lóhùn ni. Wáyà ẹ́ríà wọn gba ojú fèrèsé jáde dé orí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá ti tàn án báyìí, tẹlifíṣọ̀n ará ilé kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó bá di àárọ̀, ìyá wa á lọ máa bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la tún òrùlé ṣe, mo bá rí páálí mílíìkì mẹ́ta lórí àjà. Ikán ti jẹ ìdí ọ̀kan. Lẹ́tà ló kún inú méjì tó kù, káàdì wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, sítáǹpù wà lójú wọn: ẹyẹ, òdòdó, ọkọ̀ ojú irin. Mo rí Magyar Posta, mo rí Suomi, mo rí Helvetia, n ò mọ ibi tí wọ́n wà láyé. Òmíràn ò tiẹ̀ ní orúkọ ìlú kankan, orí obìnrin aládé nìkan ló wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè ṣí wọn tí wọn ò ní ya? Kí ló tiẹ̀ fà á tí gbogbo ayé fi ń kọ lẹ́tà sí tíṣà kan ní Ìjẹ̀bú?

Ìyá Ìbejì, Òde Rẹ́mọ:
Omi ni. Gé igun àpòòwé yẹn, jẹ́ kí bébà díẹ̀ yí sítáǹpù ká. Kó wọn sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Má fà á, yóò já fúnra rẹ̀. Dojú rẹ̀ dé lórí bébà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Tó bá gbẹ, fi há inú ìwé ńlá kó lè tẹ́. Àpòòwé aláwọ̀ pupa, má fi kún àwọn tó kù, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣàn. Àwọn sítáǹpù Amẹ́ríkà òde òní tó dà bíi sítíkà, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ ti omi.

Bàbá Ẹ́ríà, Ṣágámù:
Ẹ gbé abọ́ omi yẹn sílẹ̀ ná! Ọmọ mi, má gé nǹkan kan.

Magyar Posta, Họ́ngárì ni. Suomi, Finland. Helvetia, Switzerland. Aláìlórúkọ yẹn, ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe sítáǹpù láyé, ní 1840, wọn ò sì rí ìdí tí wọ́n á fi máa júwe ara wọn títí dòní.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí bàbá rẹ nìyí. Wo àmì ìpè wọn, ìyẹn orúkọ tí oní rédíò ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́: 5N ló fi bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà nìyẹn. Ìwé ẹ̀yẹ kan wà tí àwa oní rédíò ń pè ní DXCC: ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti bá ilẹ̀ 100 sọ̀rọ̀. Káàdì QSL tó wà nínú àpòòwé yẹn ni ẹ̀rí. Oní rédíò pọ̀ ní Jámánì bí ewé oko, ti Nàìjíríà ò tó nǹkan. Bí 5N kan bá ti lanu, wọ́n á ya bò ó bí eṣinṣin tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Kì í ṣe bàbá rẹ ló ń wá wọn kiri, àwọn ló ń wá a.

Ẹni tó ń wá káàdì ló sì ń san owó èsì. Yóò fi dọ́là kan sínú lẹ́tà, tàbí IRC, ìwé pélébé tí wọ́n ń fi gba sítáǹpù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ti wà láti 1907. Ẹlòmíràn á tún wá sítáǹpù tó rẹwà lẹ̀ mọ́ ọn, kí inú ẹni tó máa gbà á lè dùn. Láti 2003 tí LoTW, ètò tí a fi ń fi ẹ̀rí ránṣẹ́ láìlo káàdì, ti dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ti dínkù gan-an.

Èmi náà fi dọ́là kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́tà mẹ́rin nígbà kan, mo kọ àmì ìpè gàdàgbà gàdàgbà sẹ́yìn àpòòwé bí ẹni ń yangàn. Ìkankan ò débẹ̀. Èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti fi bíléèdì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olè mọ ohun tí àmì ìpè túmọ̀ sí.

Òǹtẹ̀ tó wà lórí sítáǹpù ń sọ ìlú àti ọjọ́, káàdì ń sọ ìgbà tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Bí o bá yà wọ́n, sítáǹpù Họ́ngárì lásán ló kù sí ọ lọ́wọ́, àpò-àpò ni wọ́n ń ta ìyẹn. Kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí àjà kí òjò tó dé.

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣùgbó:
Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún mẹ́ta nínú wọn. Mo ti rì wọ́n kí n tó ka tiyín, ọ̀kan nínú wọn sì wà lórí àpòòwé pupa. Omi yẹn di zobo, ẹyẹ funfun di ẹyẹ pupa.

Mo wá ka káàdì Finland kan: 1986, 14 MHz, aago 2140.

Bàbá Ẹ́ríà, Ṣágámù:
UTC nìyẹn, aago kan náà tí oní rédíò gbogbo ayé ń lò. Fi wákàtí kan kún un: aago mọ́kànlá alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú nílé yín.

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣùgbó:
Àsìkò tẹlifíṣọ̀n àwọn ará ilé kejì gan-an nìyẹn! Ohun kan tún kù. Nísàlẹ̀ páálí, mo rí lẹ́tà kan tí bàbá fúnra wọn kọ, ó ń lọ sí Họ́ngárì. Káàdì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ tán, 1989. Sítáǹpù kọ́bọ̀ ti wà lójú rẹ̀, wọn ò kàn tíì lẹ ẹnu rẹ̀ pa ni. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Bàbá Ẹ́ríà, Ṣágámù:
Fi àmì ìpè ọkùnrin Họ́ngárì yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí n wò ó bóyá ó ṣì wà lórí afẹ́fẹ́. Bó bá wà, má yọ sítáǹpù kọ́bọ̀ yẹn. Ki lẹ́tà náà bó ṣe wà sínú àpòòwé ńlá, ra sítáǹpù tuntun sí i. Má kọ àmì ìpè sójú rẹ̀ o.