Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀gbọ́n mi ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ Arsenal nílé mọ́

Ọmọ Highbury:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìsọ nǹkan kan, àmọ́ tòní ti kọjá ohun tí mo lè dá mọ́ra. Inú ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Arsenal nílé bàbá wa mọ́. Wọ́n kó gbogbo aṣọ Arsenal sínú àpótí, wọ́n tì í, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Wọ́n gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Ilé tí a ti ń wo Arsenal látìgbà tí Kanu Nwankwo ti débẹ̀ ní 1999!

Ohun tó dùn mí jù ni pé Arsenal ni àwa méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ní August 2011, Manchester United nà wá 8–2. Ọdún kejì ni Robin van Persie, agbábọ́ọ̀lù wa, kọjá sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì tẹ̀ lé e lọ. Dípò kí wọ́n bínú sí àwọn tó nà wá, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n sá lọ. Èmi dúró. Mo wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án tí a ò rí ife gbà, títí FA Cup 2014 fi dé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Wenger, kóòṣì wa, lọ ní 2018. A ṣe ipò kejì nínú líìgì ní 2023. Ní 2024 a ní àmì 89, Manchester City ní 91. Ní 2025, ipò kejì náà tún ni.

Ẹ wá wo ti PSG nínú Champions League 2025. A na Real Madrid 3–0, Declan Rice gbá fríkíìkì méjì wọlé, a tún lọ nà wọ́n ní Bernabéu 2–1. Ta ló rò pé PSG máa dá wa dúró? Wọ́n nà wá 1–0 nílé wa, 2–1 ní Paris. Saka jẹ góòlù kan, èyí tó yẹ kó ṣìkejì rẹ̀ gba òkè kọjá. Mi ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ó yẹ kí ẹni tó sá lọ máa pàṣẹ fún ẹni tó dúró? Àbí kí n kúkú fi Arsenal sílẹ̀ kí ilé lè rójú? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù lásán ni.

Òǹwòran 2006:
Má fi sílẹ̀ o. Èmi tí mo wo àṣekágbá Champions League 2006 tí Barcelona nà wá ní Paris, ṣé ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ ìrora fún? Lehmann, gólkípà wa, gba káàdì pupa kí eré tó pé ogún ìṣẹ́jú. Èèyàn mẹ́wàá la kù, Sol Campbell ṣì fi orí kàn án wọlé. A dì í mú títí ó fi ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí Eto'o ti Barcelona tó dé, kí Belletti tó parí rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rí Belletti nínú fídíò, ṣe ni mo máa ń yí ojú kúrò. Mi ò fi Arsenal sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Highbury, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn kì í déédé kó aṣọ sínú àpótí kó sì tì í. Kí ló ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀?

Alátakò Láti Stamford Bridge:
Chelsea ni mí, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá van Persie lọ. Ìyẹn ò dáa. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan kì í bá agbábọ́ọ̀lù rìnrìn àjò.

Ọmọ Highbury:
@Alátakò, ẹ ṣeun, sà. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ yọ̀ lójú mi nígbà tí van Persie gba líìgì lọ́hùn-ún ní 2013. Mi ò gbàgbé.

Adájọ́ Pápá:
Òǹwòran, káàdì pupa yẹn tọ́. Lehmann fa Eto'o lulẹ̀ níta bọ́kìsì. Kí lẹ fẹ́ kí rẹfirí ṣe?

Òǹwòran 2006:
Kó jẹ́ kí eré máa lọ ni! Giuly ti Barcelona ti gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Kó fún wọn ní góòlù, kí gólkípà wa dúró, ká máa gbá a ní mọ́kànlá sí mọ́kànlá. Mo fara mọ́ ìyẹn ju bó ṣe ṣe é lọ.

Bàbá Rere:
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ọmọ yìí wá gba ìmọ̀ràn, ẹ ń dá ẹjọ́ Paris. Àbúrò mi, àgbà ni ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá ní kó o má dárúkọ nǹkan, má dárúkọ rẹ̀. Wo bọ́ọ̀lù rẹ lórí fóònù.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Highbury, o ò dá mi lóhùn. Kí lo ṣe?

Ọmọ Highbury:
Níwọ̀n bí ẹ ti fẹ́ sọ mí di ọ̀daràn, mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò ṣe nǹkan burúkú.

Bàbá wa ni. Ìgbàgbé ti ń yọ wọ́n lẹ́nu fún bí ọdún mélòó kan. Wọ́n lè bi wá ní ohun kan náà léraléra láàárín wákàtí kan. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń fi orúkọ àbúrò wọn obìnrin tó ti kú pè mí. Àmọ́ àwọn ló fi Arsenal hàn wá, tí èèyàn bá sì dárúkọ Kanu, kíá ni ojú wọn máa ń là. Wọ́n ṣì lè ka àwọn ọmọ 2004 láti orí Lehmann dé orí Henry láìfo ẹnì kan: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, a borí nínú 26, a ta ọ̀mì nínú 12, ẹnikẹ́ni ò nà wá.

Lálẹ́ ọjọ́ PSG, wọ́n ti sùn kí eré tó parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n bi mí pé, "Báwo la ṣe ṣe é?" Mo ní a wọlé sí àṣekágbá, Saka ló jẹ ẹ́. Ṣé Saka ò jẹ ẹ́ ni? Ayọ̀ tí mo rí lójú wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀. Ta ni mo pa lára?

Bàbá Rere:
Irọ́ lo pa fún bàbá rẹ.

Ọmọ Òrukàn:
Irọ́ wo? Ìyá mi tó ní irú àìsàn yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè ọkọ wọn tó ti kú. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo sọ òtítọ́, wọ́n sunkún bí ẹni pé òní ló kú. Lọ́jọ́ kejì mo tún sọ ọ́, wọ́n tún sunkún. Láti ọjọ́ náà mo ń sọ pé wọ́n ti jáde, wọ́n ń bọ̀. Ẹni tí kò bá tíì bá irú ẹ̀ gbélé, kó má dá wa lẹ́jọ́.

Ọmọ Highbury:
Ọlọ́run á bá mi bù kún yín, Ọmọ Òrukàn.

Olùtọ́jú Àgbà:
Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí ìgbàgbé ń bá jà, mo sì lóye ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ Highbury, ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò? Kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó o sọ pé ẹ wọlé? Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò parí síbẹ̀.

Ọmọ Highbury:
Wọ́n wọ aṣọ Kanu wọn, nọ́ńbà 25, wọ́n lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní Arsenal ti dé àṣekágbá. Àwọn yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi èsì hàn wọ́n lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bi mí bóyá ọpọlọ àwọn ti lọ tán, nítorí ó dá àwọn lójú pé ẹnì kan sọ fún àwọn láàárọ̀ pé a wọlé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dé.

Ìyá Ìbejì:
Kí lo wá dá bàbá lóhùn?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Highbury?

Ọmọ Highbury:
Mo dákẹ́, mà. Kí ni mo fẹ́ sọ níwájú ẹ̀gbọ́n mi?

Ọmọ Òrukàn:
Áà. Ìyẹn yàtọ̀ sí tèmi o. Ìyá mi ò jáde nílé, kò sẹ́ni tó máa já mi. Ti ìwọ, bàbá rántí òtítọ́, o sì jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn ṣì í rántí ni. Lọ sọ fún wọn pé ìwọ lo sọ ọ́.

Bàbá Rere:
Wọ́n á ti gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ló wúlò níbẹ̀?

Ọmọ Òrukàn:
Kí wọ́n gbàgbé. Ní wákàtí tí wọ́n bá fi rántí, ọkàn wọn á balẹ̀.

Olùtọ́jú Àgbà:
Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Òrukàn. Ẹ̀rù pé orí òun ń dàrú máa ń ba àwọn aláìsàn yìí gan-an, pàápàá àwọn tó ṣì ń lóye ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí o bá fẹ́ mú inú wọn dùn, má pa irọ́ tí gbogbo ayé lè já. Lo ohun àtijọ́. Ìrántí àtijọ́ sábà máa ń pẹ́ ju tuntun lọ, ìdí nìyẹn tí 2004 fi wà lórí wọn tí ti àná ò sí. Fi àwọn eré tí ẹ borí lóòótọ́ hàn wọ́n.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, kíkó aṣọ pa mọ́ ò tọ̀nà pẹ̀lú. Ohun tó ń jẹ́ kí bàbá mọ ara wọn ni wọ́n tì mọ́nú àpótí yẹn.

O ò sì tíì dáhùn ìbéèrè dókítà. Àìtó fítámì B12, àìsàn thyroid, oògùn kan tí wọ́n ń lò, ìbànújẹ́ tó wọra, gbogbo rẹ̀ lè fa ìgbàgbé, a sì lè tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò.

Ọmọ Highbury:
Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ ọ̀rọ̀ dókítà látọjọ́ yìí, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ sọ bàbá di aláìsàn ni. Màá bá wọn sọ̀rọ̀. Ti pé kí n sọ fún bàbá pé èmi ni, ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Ṣé ẹnikẹ́ni ní Chelsea 2, Arsenal 3 ti October 1999 ní odindi? Kì í ṣe góòlù nìkan. Bàbá fẹ́ràn kí wọ́n kọ́kọ́ rí i pé Chelsea ti ń nà wá 2–0, kí Kanu tó jẹ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn.

Adájọ́ Pápá:
Òǹwòran, tí Lehmann ò bá fa Eto'o lulẹ̀, a ò ní máa sọ̀rọ̀ rẹfirí rárá.

Alátakò Láti Stamford Bridge:
Mo ní in, Ọmọ Highbury, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo tọ́jú ẹ̀ nítorí góòlù Flo àti ti Petrescu. Màá fi ránṣẹ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni rìmóòtù wà, kọ́kọ́ pè wọ́n.