Báwo ni a ṣe lè rí baba ńlá tó jẹ́ ọmọ Dutch nínú ìwé ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Amẹ́ríkà?

Ọkọ Ìyá Ìbejì béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà ni ìyàwó mi, ìran ìyá rẹ̀ sì ti wà ní àfonífojì odò Hackensack láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, àwọn ìbejì wa gbọ́ tí mo ń ka àwọn baba ńlá mi títí dé orí ẹni tó kọ́ agbo ilé wa ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì yíjú sí ìyá wọn, wọ́n ní kí òun náà ka tirẹ̀. Kò lè kà á kọjá bàbá ìyá rẹ̀ àgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí.

Mo ti tọpa ìdílé náà dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dirck, tí ó gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Dutch (ìyẹn ti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Nẹ́dálándì) ti Hackensack ní 1731. Orúkọ ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Van, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ tán síbí, nítorí pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣì wà láàyè. Ìwé ìgbéyàwó sọ pé Hackensack ni wọ́n bí i sí. Síbẹ̀, nígbà tí mo yẹ ìwé ìsàmì ìjọ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 1715, n kò rí Dirck kankan tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé yẹn. Mẹ́ta ni Dirck tí mo rí, orúkọ àwọn baba wọn kò sì jọ ohun tí mo ń wá rárá. Ṣé wọn kò ṣe ìsàmì fún un ni, àbí ìwé rẹ̀ ti sọnù?

Ọmọ Akọ̀wé fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ọ̀gá mi. Ó ṣeé ṣe kí ìwé rẹ̀ má sọnù rárá, kí ó jẹ́ pé orúkọ tí ẹ fi ń wá a ni ìdílé rẹ̀ kò tíì máa jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìsàmì.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Dutch tó tẹ̀dó sí New Netherland, ìyẹn ilẹ̀ tí àwọn Dutch ń ṣàkóso nígbà náà ní agbègbè New York àti New Jersey òde òní, ni kò ní orúkọ ìdílé tí ìran kan ń fi lé òmíràn lọ́wọ́. Orúkọ baba ni wọ́n ń fi kún ti ọmọ: bí baba bá ń jẹ́ Jan, Pieter ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ Pieter Jansen, bí Pieter náà bá sì bí Jan mìíràn, Jan Pietersen ni ìyẹn yóò jẹ́. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa Yorùbá, nítorí pé nígbà tí ilé-ìwé dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ tí bàbá ń jẹ́ ni olùkọ́ kọ mọ́ ti ọ̀pọ̀ ọmọ, tí ó fi jẹ́ pé lónìí àwọn ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nínú agbo ilé kan náà ń jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ agbo ilé náà kò lè mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà ní 1664, tí wọ́n sọ New Amsterdam di New York, orúkọ ìdílé tí kì í yí padà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ wo ìdílé Roosevelt tí ààrẹ Amẹ́ríkà méjì ti jáde. Claes Maartenszen van Rosenvelt ni ẹni tó kọ́kọ́ dé nínú wọn. Nicholas ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sàmì fún ní ṣọ́ọ̀ṣì Dutch ti New Amsterdam ní 1658, ni ó wá ń jẹ́ Roosevelt. Ẹni tó bá ń fi orúkọ Roosevelt wá ọmọ ọwọ́ náà lọ́dún yẹn kò ní rí i.

Nítorí náà, ẹ fi Van sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí Dirck bí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn Dutch náà sì ń wo ilé wọn: wọ́n sábà máa ń fún àkọ́bí ọkùnrin ní orúkọ bàbá ọkọ, èyí tó tẹ̀ lé e a sì gba orúkọ bàbá ìyàwó, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ tún wo ọwọ̀n tí wọ́n kọ *getuigen* sí lókè, ìyẹn àwọn ẹlẹ́rìí ìsàmì. Wọn kì í mú ẹni tó kàn ń kọjá lọ lójú ọ̀nà ṣe ẹlẹ́rìí. Òbí àgbà ni, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ọkọ àbúrò. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fò ọwọ̀n yìí, nítorí ó wà ní ìkángun ojú ewé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdílé gbé pé jọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ dan-indan-in mú. Obìnrin Dutch kì í fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó. Bí akọ̀wé bá kọ orúkọ ọkọ ní ọ̀nà mẹ́ta láàárín ogún ọdún, orúkọ ìyàwó lè wà bákan náà títí. Orúkọ ìyá ni kí ẹ fi ṣe èèkàn.

Ìyá Kíláàsì fèsì pé:

Ẹ kú ọgbọ́n, Ọmọ Akọ̀wé. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìsàmì kún un, nítorí pé mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dí mọ́ ọkọ Ìyá Ìbejì.

Láti 1694 títí di 1724, Guilliam Bertholf ni òjíṣẹ́ ìjọ Hackensack. Òjíṣẹ́ Dutch kò pọ̀ ní àgbègbè yẹn rárá nígbà náà, nítorí náà ọkùnrin yìí ń rìn káàkiri láti ìjọ dé ìjọ: ó lọ́wọ́ nínú dídá ìjọ Tappan sílẹ̀ ní 1694, ó ń ṣiṣẹ́ ní Acquackanonk, ó sì ń dé Tarrytown àti Raritan. Àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọ pẹ́ nílé láìsí ìsàmì. Bí òjíṣẹ́ kò bá sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn a gbé ọmọ lọ sí ibi tó wà, ìwé ìjọ ibẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà yóò sì wọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Hackensack lè wà nínú ìwé Tappan, tàbí ti Bergen, tàbí ti New York, tí ìwé ìsàmì àti ìgbéyàwó tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1639.

Bí ẹ bá ń ka ìwé ìgbéyàwó, ẹ ó rí *j.m.* lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkùnrin àti *j.d.* lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti obìnrin. Ìtumọ̀ wọn ni pé ẹni náà kò tíì ṣe ìgbéyàwó rí. *Met attestatie* nínú ìwé àwọn ọmọ ìjọ túmọ̀ sí pé ẹni náà mú ìwé ẹ̀rí wá láti ìjọ tó ti wá, wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ ìjọ ọ̀hún.

Ẹ má fi gbogbo ara gbára lé ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀. Àwọn tó dà á kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣiṣẹ́ ńlá, a kò lè dúpẹ́ tán lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ le púpọ̀, nítorí náà bí àwòrán ojú ewé gan-an bá wà, òun ni kí ẹ fi ojú ara yín wò.

Ọmọ Ọ̀kẹ́ fèsì pé:

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan fún gbogbo ẹni tó ń ṣí ìwé wọ̀nyí. Àwọn Dutch nìkan kọ́ ni ó wà nínú wọn. Nínú ìwé ìgbéyàwó New Amsterdam, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Èbìbí, 1641, ẹ ó rí Anthony van Angola, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àti Lucie d'Angola, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí wọ́n fẹ́ ara wọn. Adúláwọ̀ ni àwọn méjèèjì. Nígbà tó fi máa di 1664, òjíṣẹ́ Henricus Selyns kọ̀wé sí Amsterdam pé àwọn kọ̀ láti sàmì fún ọmọ àwọn ẹrú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá baba ńlá Dutch, tí ẹ sì rí ọmọ adúláwọ̀ kan ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìlà kan ṣoṣo yẹn lè jẹ́ gbogbo ohun tí ìran rẹ̀ yóò rí.

Ọkọ Ìyá Ìbejì padà wá:

Ọmọ Ọ̀kẹ́, mo gbọ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Jan ni Dirck sọ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ní 1732. Mo wo ọwọ̀n àwọn ẹlẹ́rìí tí mo ti fò nígbà mẹ́ta: Jan kan tí ń jẹ́ orúkọ ìdílé Van yẹn ló wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, Neeltje, tí wọ́n kọ orúkọ baba obìnrin náà mọ́ tirẹ̀ ní kíkún. Mo wá mú orúkọ Neeltje lọ sínú ìwé Tappan. Ní 1707, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan tí yíǹkì ẹ̀yìn rẹ̀ ti là jáde síwájú, Dirck wà níbẹ̀. Orúkọ baba rẹ̀ kò ní Van kankan, Jan ọmọ Dirck lásán ni akọ̀wé kọ. Ṣùgbọ́n Neeltje ni ìyá, orúkọ baba obìnrin náà sì bá ti 1732 mu láìyẹ̀ ẹyọ lẹ́tà kan. Ìyàwó mi fi ìka tọ orúkọ náà lórí kọ̀ǹpútà, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mo ti rí ìgbéyàwó Jan àti Neeltje pẹ̀lú. *J.m.* wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Jan, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Neeltje kì í ṣe *j.d.*, ó dà bí *wed.* lójú mi. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìyá Kíláàsì fèsì pé:

*Weduwe* ni, opó. Ó ti ní ọkọ kan ṣáájú Jan, nítorí náà ẹ wá ìgbéyàwó àkọ́kọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ìlú tí wọ́n bí i sí. Bí ó bá jẹ́ pé Nẹ́dálándì ni, tí Amsterdam sì ni wọ́n ti fẹ́ra, ilé àkójọ ìwé ìlú náà ní àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó láti 1565 títí di 1811, ẹ sì lè wá orúkọ inú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi orúkọ baba Neeltje ránṣẹ́ sí mi, kí á jọ wá a.