Èsì lórí «ajùmátàsé»: ọ̀ta ni kí a pe Stephen Curry

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé kékeré nípa àwọn eléré ìdárayá fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé: «Stephen Curry jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ajùmátàsé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Davidson láti ọdún 2006 sí 2009.» Eléré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball) ní Amẹ́ríkà ni Curry, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «shooting guard» ni ẹ̀gbọ́n sì fi «ẹ̀ṣọ́ ajùmátàsé» túmọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kan sáárá sí «ajùmátàsé» náà. Èmi kò lè bá yín kan án. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, mo sì mọ iye òru tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọdé yóò fi kọ́ èdè kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ tí sílébù rẹ̀ ń bá ara wọn jà.

«Má» ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wí. Bí a bá fi «má» sí àárín ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń tọ́ka sí olùṣe, ohun tí à ń sọ ni pé ẹni náà kì í ṣe nǹkan ọ̀hún rárá. Awímáyẹhùn ni à ń fi ki Ọlọ́run, nítorí pé bó bá ti wí, ó di wíwí nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ yẹn pe ẹ̀dá tó ń yẹ ohùn rẹ̀ nígbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí a wá wo àkọsílẹ̀ Curry. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, 2006 sí 2007, ó ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta, níbi tí ìjù kan tó bá wọlé ti ń jẹ́ àmì mẹ́ta, nígbà 299, 122 sì wọlé. Ní sáà kejì ó jù ú nígbà 369, 162 wọlé. Ní sáà kẹta ó jù ú nígbà 336, 130 wọlé. Ẹ ro ó pọ̀: ìjù 1,004, èyí tó wọlé 414, èyí tó tàsé 590. Ọkùnrin tó tàsé nígbà 590 ni a fẹ́ máa pè ní ẹni tí kì í tàsé! Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré o. Àwọn 162 ti sáà kejì yẹn ló bo 158 tí Darrin Fitzgerald ti Yunifásítì Butler jù wọlé ní sáà 1986 sí 1987, ìyẹn sáà àkọ́kọ́ tí ìlà alámì mẹ́ta di ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Ògbóǹtarìgì nínú eré yìí ni ẹni tí mẹ́rin bá ń wọlé fún nínú mẹ́wàá láti ọ̀nà jíjìn, tí kò sì jẹ́ kí mẹ́fà tó tàsé mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n nígbà tí ìkọkànlá bá yá.

Ẹnì kan mú ọjọ́ tí Davidson bá Yunifásítì Gonzaga ṣeré wá fi gbe ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2008, ní ìlú Raleigh, Curry gba àmì 40, ó sì ju mẹ́jọ wọlé nínú mẹ́wàá láti ẹ̀yìn ìlà. Ṣùgbọ́n méjì tó kù ńkọ́? Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, nígbà tí wọ́n pàdé Yunifásítì Georgetown nínú gbọ̀ngàn kan náà, àmì márùn-ún péré ni ó gbà ní ìdajì àkọ́kọ́, Georgetown sì fi àmì 17 ṣíwájú wọn nígbà kan. Ó gba 25 ní ìdajì kejì, Davidson sì borí pẹ̀lú 74 sí 70. Ẹni tó bá wo ìdajì àkọ́kọ́ yẹn kò lè fi «má» sí orúkọ ọmọ náà. Ẹni tó bá sì wo ìdajì kejì yóò mọ̀ pé orúkọ kan tọ́ sí i dájúdájú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa sọ pé oríkì ni, pé oríkì kì í ka iye, pé ọdẹ tí a ń pè ní atamátàsé náà ti tàsé rí. Mo gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Oríkì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni atamátàsé, àwọn oníjàálá sì ń fi í ki ọdẹ níwájú ọdẹ, kí orí rẹ̀ lè wú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ìjálá. Ìròyìn ni: ó dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, ó dárúkọ ọdún, ó sọ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe. Ọmọ tó bá kà á yóò rò pé orúkọ ipò kan lórí pápá ni ajùmátàsé, yóò sì máa fi pe ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbẹ̀. Ẹlòmíràn fi «aṣemáṣe» gbeja, ó ní «má» inú rẹ̀ kì í ṣe ti láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé «má» ìkìlọ̀ ni èyí, ìwà tí a ní kí ènìyàn má hù ni aṣemáṣe. Bí a bá fi ìyẹn túmọ̀ ajùmátàsé, yóò di ìjù tí a kìlọ̀ fún pé kí ó má tàsé, a ó sì ti kúrò lórí ènìyàn pátápátá.

Àṣìṣe kejì wà nínú «jù» àti «tà». Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ tó sì ti darapọ̀ mọ́ àwọn baba rẹ̀, máa ń tú «tàsé» palẹ̀ fún wa sí «ta àsé». Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ẹ̀gbọ́n so mọ́ra, ó jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ta ní ìparí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé «tàsé» ti dì, pé ó ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé ẹsẹ̀ pàápàá máa ń tàsé. Ó ṣeé ṣe. N kò ní kú sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo dúró lórí èyí pé ẹni tó bá fi «ta» inú atamátàsé sílẹ̀ tó fi «jù» rọ́pò rẹ̀ ti ba ìró ọ̀rọ̀ náà jẹ́, nítorí pé «ta» àkọ́kọ́ àti «tà» kejì ni wọ́n ń dá ara wọn lóhùn.

Kí ni a ó wá máa pè é? Èmi rò pé a ti ní ọ̀rọ̀ náà kí àwọn baba wa tó rí bọ́ọ̀lù rí. Ẹni tó bá mọ ayò ta dáadáa, ọ̀ta ni à ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ìdí ọpọ́n ayò rí ló mọ ìkíni náà: «Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè,» wọn yóò sì dáhùn pé ọ̀ta ní í jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Mo ń rántí àwọn àgbà tó máa ń jókòó sábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń ta á. Ẹni tí gbogbo wọn gbà lọ́tàa kì í jẹ ọmọ ayò ní gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kan ojú ọpọ́n. Ó lè ta títí kí ó má jẹ ẹyọ kan, àwọn tó ń wòran kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo «ọ̀» iwájú rẹ̀ dáadáa: òun náà ló wà nínú ọ̀mọ̀wé, ọ̀mọ̀ràn, ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí kì í mutí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n mọ́ ọtí. Bákan náà ni a mọ Curry mọ́ ìjù. Ọ̀ta ìjù ni, tàbí ọ̀ta alájùsáwọ̀n bí a bá fẹ́ kí ó kún.

Ọ̀rọ̀ yìí tún gba ohun kan tí «ajùmátàsé» kò lè gbà láé, ìyẹn ni pé ènìyàn máa ń di ọ̀ta ni. Dell Curry, bàbá ọmọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀ta nínú NBA, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà, ló tún ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, nítorí pé láti ìsàlẹ̀ ni ọmọ náà ti ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, àwọn tó ga sì lè dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ náà ga ju orí lọ, ó sì pẹ́ kí ìjù rẹ̀ tó tún rọ̀. Yunifásítì Virginia Tech tí bàbá rẹ̀ lọ kò fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kọ́ọ̀ṣì Bob McKillop ti Davidson ló gbà á. Nínú eré àkọ́kọ́ rẹ̀, tí wọ́n bá Eastern Michigan ṣe, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà 13. Lọ́jọ́ kejì ó gba àmì 32 lọ́wọ́ Michigan. Ẹ jọ̀wọ́, nínú ọjọ́ méjì yẹn, èwo ni ti ajùmátàsé?

Ẹ̀rí tó ga jù lójú mi ni eré Loyola ti Maryland ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Kọ́ọ̀ṣì Loyola fi ọkùnrin méjì ti Curry lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Curry rí i, ó lọ dúró sí igun pápá, ó mú àwọn méjì náà lọ, ó sì fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tó kù sílẹ̀ kí wọ́n bá mẹ́ta péré ti Loyola jà. Kò gba àmì kankan lọ́jọ́ náà. Davidson gba 78, Loyola gba 48. Ẹni tí kò ju nǹkan kan wọlé, tí ẹ̀rù ìjù rẹ̀ sì ṣẹ́gun, kí ni «má tàsé» fẹ́ sọ nípa rẹ̀? Ọ̀ta jókòó, òpè kò lè fọhùn.

Àbúrò kan ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, «ota» ni yóò rí, àwọn ọmọ yóò sì kà á sí ọ̀tá tàbí ọta ìbọn. Òótọ́ ni pé ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá ní òpópónà, tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń bá a pàdé, àwọn gan-an ni àmì ohùn tọ́ sí jù lọ. Bí a bá ń sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí àmì ń yà sọ́tọ̀, kí ni yóò kù fún wa láti kọ?

Ó ku «ẹ̀ṣọ́». Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ jẹ́ 70, a sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn. Ọmọ ogun ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni Curry ń ṣọ́? Ní sáà méjì àkọ́kọ́ ó ń sáré kiri wá àyè ìjù, Jason Richards sì ń pín bọ́ọ̀lù fún un. Richards náà ni bọ́ọ̀lù ìkẹyìn bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí Yunifásítì Kansas lé Davidson jáde nínú ìdíje NCAA ọdún 2008 pẹ̀lú 59 sí 57, ó jù ú, kò wọlé. Ní sáà kẹta Richards ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, Curry ló wá ń darí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ní sáà yẹn kan náà ni NCAA sún ìlà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ìjù tó wọlé fún un fi dín sí bíi ìdá 39 nínú 100, síbẹ̀ òun ló gba àmì jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, 28.6 nínú eré kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra ni ó ṣe lábẹ́ orúkọ kan. Ní tèmi, kí a kọ ọ́ ní «gáàdì» bí a ti ń kọ gólì àti kọ́ọ̀ṣì, kí a sì fi «apínbọ́ọ̀lù» kún un nígbà tó bá yẹ. Mo mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fẹ́ràn «gáàdì», ó ní ọ̀lẹ ló ń yá ọ̀rọ̀. Bí ó bá ní èyí tó sàn ju ẹ̀ṣọ́ lọ, kí ó fi ránṣẹ́ kí ìwé ẹ̀gbọ́n tó wọ ilé ìtẹ̀wé. Bí kò bá sí, èmi kò ní yí padà lórí rẹ̀.